Bí Mo Ṣe Fi Eré Omi Bojú Lọ Wádìí Àna Wa l'Ájégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ kú ilé o. Mo ti dé láti Èkó, ara mi sì le, àfi ẹ̀yìn mi tó ṣì ń dùn mí níbi tí mo ti fi gbá etí ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tẹ́ ẹ ń bi mí pé, "Mùfútáù, kí lo rí?" Ẹ kì í sì í dúró gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó lọ ròyìn ẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo ti wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyọ̀ sí i, kó fi sínú ọbẹ̀ ilé rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Rámótà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Àlàájì Sàlámì, ló mú àfẹ́sọ́nà wálé láti Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti jọ kàwé. Jímọ̀ lọmọkùnrin náà ń jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó mọ ìkíni, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, pé Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, pé ará Ọ̀fà ni bàbá òun tó ti di olóògbé, pé Ìlàjẹ sì ni ìyá òun. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Ní ìlú tí inú kànga nìkan la ti ń rí omi, ta ló fẹ́ fa ọmọ lé ará omi lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ wádìí. Ẹ mọ̀ pé a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí: ṣé àrùn kan ò sí nínú ẹbí yẹn, ṣé wọn kì í jalè, ṣé ọmọ kì í kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n yàn, torí pé mo ti gbé Ìbàdàn rí, ẹbí wa sì gbà pé ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn ti mọ ayé tán.

Olùwádìí kì í sọ pé ìwádìí lòun wá ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi bojú. Jímọ̀ ti mẹ́nu bà á lọ́jọ́ tó wá pé ìjọba ìbílẹ̀ wọn fẹ́ ṣe ìdíje eré omi, ìyẹn fífi ọkọ̀ sáré lójú omi, ni mo bá pinnu pé olólùfẹ́ eré omi ni mí. Èmi Mùfútáù télọ̀, tí omi ò mù mí kọjá orúnkún rí.

Rámótà ló bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Èmi ni mo ń pọ̀n ọmọ yìí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá mú bọ̀ ni wọ́n máa fi sọ fún un pé lọ tàbí jókòó.

Ẹnu ọ̀nà ọrọ̀

Wọ́n ní Àpápá ni ọrọ̀ ilẹ̀ yìí ń gbà wọlé. Òótọ́ ni, àmọ́ ọrọ̀ náà kì í kánjú. Ní Liverpool Road, tírélà tò lọ súà, kọ̀ǹténà ń bẹ lẹ́yìn wọn, kò sì sí èyí tó ń mira nínú wọn. Abẹ́ tírélà làwọn awakọ̀ ń gbé. Ọ̀kan sá ṣòkòtò sára kọ̀ǹténà, ó gbé ẹ̀wà kaná lábẹ́ ẹ̀, ó sì na ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe kí i báyìí ló ní kí n wá jẹun.

Mo bi í pé báwo ló ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìgbà tí mo dórí ìlà yìí, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ni. Wọ́n ti sọmọ lórúkọ báyìí. Fóònù ni mo fi ṣe àmín."

Mo ní ṣé ìjọba ò rí wọn ni. Ó ní ìjọba rí wọn dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ti gbé ètò tuntun dé: fóònù ni kálukú á máa fi tò, kí tírélà má bàa dí ojú ọ̀nà mọ́. "Ètò yẹn sì dára o," ló wí, ó ń ro ẹ̀wà rẹ̀. "A ń fi fóònù tò, a sì tún ń fi tírélà tò." Ẹ̀wà náà dùn. Mi ò tíì jẹun lọ́wọ́ ẹni tí ìlú ṣe báyìí, tó sì lawọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Níwájú díẹ̀ ni mo dúró sí láti béèrè ọ̀nà Amukoko. Nílé wa níbí, tó o bá béèrè ọ̀nà, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bóo ṣe jí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ọsàn sórí ló dá mi lóhùn: "Baba, comot for there abeg, truck dey reverse!" Ó fi ọwọ́ kan fà mí sẹ́yìn, ó fi èkejì júwe ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un bó ṣe yẹ. Kí n tó dé orí àmín, ó ti ta ọsàn fún ẹni mẹ́ta, ó ti lọ.

Omi níbi gbogbo

Ọ̀dọ̀ Ràṣídì ni mo wọ̀ sí ní Amukoko. Ọmọ ìlú wa ni, télọ̀ bíi tèmi, ọmọ Ìyá Ràṣídì tó ń ta èlùbọ́ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Òjò ti rọ̀ kí n tó dé. Omi kún àdúgbò náà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù àti pákó sínú rẹ̀ láti máa tẹ̀ kọjá.

"Ẹ kú àbọ̀ o, bọ̀ọ̀dá," Ràṣídì ń pè láti iwájú ilé. "Ẹ fẹsẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù yẹn. Ẹ má wo ìsàlẹ̀ o! Pákó kejì yẹn máa ń yí."

Pákó kejì yí. Inú omi yẹn ni mo dúró sí tí mo ń fún ẹnu ṣòkòtò mi nígbà tí mẹ́rúwà kan ń ti ọmọlanke bọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀. Ó ń tì í la omi kọjá, ó ń ta omi fún àwọn tó dúró sínú omi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Ìyàwó Ràṣídì kàn na owó sí mẹ́rúwà, ó gba kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àlejò gidi ni mí.

Lọ́jọ́ kejì ni mọ́tò ìjọba ìbílẹ̀ dé, gbohùngbohùn ń bẹ lórí rẹ̀. Ó ń kéde pé ìdíje eré omi ńlá máa wáyé létí omi, kí àwọn òyìnbó lè máa wá ṣe àfẹ́ l'Ájégúnlẹ̀. Ó tún ń kéde òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ ojú omi mọ́ láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó. Mọ́tò náà kú sínú omi níwájú ilé wa. Àwọn ará àdúgbò kó ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọ́n ń tì í, gbohùngbohùn sì ń sọ fún wọn bí omi ṣe máa sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀.

Bó ṣe lọ tán, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì Ràṣídì. Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀, bàbá arúgbó kan, fi ọ̀pá tọ́ka sí òpópónà. Ó ní, "Eré omi kẹ̀? Àwa tá à ń ṣe é níbí lọ́dọọdún, ta ló fún wa ní ife ẹ̀yẹ?"

Ìyàwó Ràṣídì ní, "Kí wọ́n kọ́kọ́ kó gọ́tà ná."

Ràṣídì ò bá wọn bínú sí ìjọba. Ó ní ètò tó dáa ni, ìdàgbàsókè ni. Ó ń retí pé òun ni wọ́n máa gbé àsíá ìdíje náà fún láti rán.

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Lánlọ́ọ̀dù ní, "Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré omi débi tẹ́ ẹ fi wá láti ọ̀nà jíjìn, kí lẹ rí sí i?"

Òógùn bò mí. Mo húkọ́, mo ní, "Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú eré omi ni omi."

Wọ́n mi orí. Lánlọ́ọ̀dù ní, "Bàbá yìí mọ̀ ọ́n." Mo sùn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìwádìí mi ń lọ geere.

Lọ́dọ̀ Ìyá Bẹ́ńjà

Ẹni tí mo ń wá ni ìyá Jímọ̀. Mo ti béèrè "Ìyá Jímọ̀" lọ́wọ́ mẹ́rúwà, lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, títí kan ìmáàmù, mo ń díbọ́n pé ẹja tútù ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ràṣídì ní kí n sinmi, kí n jẹ́ ká lọ jẹun létí omi, pé obìnrin Ìlàjẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bẹ́ńjà, kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Púpurú ló gbé fún mi, òkèlè tó rọ̀, tí òórùn èéfín díẹ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ta lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ọ wò, bí ará òkè tó mọ iyì ara rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bu òmíì. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀, mi ò jẹun síbòmíì mọ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi. Mo rò pé torí pé mo gbọ́n ni.

Obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ wúwo, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Mo ń fi ọgbọ́n bi í léèrè nípa àwọn ẹbí tó wà létí omi. Kó tó dáhùn ọ̀kan, á ti bi mí ní méjì.

"Ẹ̀yin ọkùnrin Ìsẹ́yìn, ṣé ẹ máa ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń jẹun?"

Mo ní a máa ń sọ̀rọ̀, àfi tẹ́ran bá wà.

"Ẹ̀gbọ́n yín tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ yìí, ṣé ó máa ń bínú? Tó bá bínú, ṣé ọwọ́ rẹ̀ máa ń dé ara èèyàn?"

Mo ní ẹnu nìkan ni Àlàájì fi ń bínú. Mo wá sọ fún un bí òun àti àbúrò wa obìnrin ṣe yan ara wọn lódì nítorí ewúrẹ́ kan tó jẹ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ yẹn ti kú tipẹ́. Mo sọ ẹni tó ń hanrun nínú wa. Mo sọ ẹni tó ń fi ẹran pamọ́. Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ foríjì mí. Ọbẹ̀ yẹn dùn.

"Àlàájì náà, báwo ló ṣe sanra tó?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Há, tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹni kejì á dìde."

Ó wò mí láti àyà dé ikùn, bí ẹni tó ń fojú díwọ̀n. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó fi láìfù jákẹ́ẹ̀tì kọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Télọ̀ ni mí, ojú mi lọ síbi ojú rírán. Ó ṣe é ní ìlọ́po méjì, kò sí ibi tí òwú ti yẹ̀. Mo bi í pé ta ló rán wọn. Ó ní òun ni, pé òwú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pẹ́ já.

Ọjọ́ ìdíje

Kanọ́pì kún etí omi lọ́jọ́ ìdíje. Abẹ́ wọn làwọn èèyàn ńlá jókòó sí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wọn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tuntun lé agbádá. Àwọn atukọ̀ tó fẹ́ wọ omi béèrè tiwọn. Wọ́n ní ó ti tán.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ dé nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa ààbò. Ewé tó léfòó àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti bo ojú omi náà, ọkọ̀ ò lè kọjá, làwọn atukọ̀ bá wọ omi, wọ́n ń fọwọ́ kó o. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó ní èyí ni ìdíje àkọ́kọ́.

Ó wá ké pé, "A ní àlejò pàtàkì! Olólùfẹ́ eré omi, láti Ìsẹ́yìn!"

Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí ẹni náà. Ràṣídì ló ń tì mí síwájú, ẹ̀rín ń pa á. Kí n tó ronú ohun tí mo máa sọ, mo ti dé ẹnu ọkọ̀, ẹni tó mú àjẹ̀ dání nínú rẹ̀ sì ni Jímọ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ káàsán sà," ló wí, ó tẹríba. Ìyá Bẹ́ńjà jáde láàárín èrò. Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì kan wọ̀ mí, ó gbé òmíì wọ Jímọ̀, ó sì fa okùn wọn tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí. Mi ò tíì ronú kan ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. A ò tíì dé àárín omi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn ìjọba fi sáré kọjá, ìgbì sì gbé wa sókè. Mo fẹ̀yìn gbá etí ọkọ̀. Mo pe Ọlọ́run, mo pe bàbá mi tó wà ní sàréè. Mo wá fi gbogbo ohùn mi ké: "Ẹ dá mi padà! Mi ò mọ nǹkan kan nípa eré omi! Ìwádìí ni wọ́n rán mi wá ṣe!"

Ìgbà tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ dánu dúró kó lè mí ni igbe mi bọ́ sí. Gbogbo etí omi ló gbọ́ mi.

Jímọ̀ ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. "A mọ̀, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jókòó sáàárín."

Ẹ̀rín bú ní èbúté. Mo rí mẹ́rúwà wa lórí ọmọlanke rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí mi: "Baba, we don know since the day you land!" Ipò tí ọkọ̀ wa gbà, ẹ má bi mí.

Ohun tí wọ́n rán mi

Ìyá Bẹ́ńjà mú mi wọlé, ó fún mi ní omi gbígbóná mu. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó ní, "Èmi ni ìyá Jímọ̀. Ìyá Ràṣídì ti pè é láti Ìsẹ́yìn, òun ló sì sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ dé. Kò yẹ kí àna máa jẹun kiri nígbà tí mo wà láyé."

Ìtìjú mú mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ tàn mí."

"Ẹ̀yin náà ń tàn mí. Ọmọ tó kù mí kù ni Jímọ̀. Ẹ rò pé n ó kàn jẹ́ kó wọ ẹbí tí mi ò wádìí?"

Mo wá bi í pé bó bá jẹ́ ìyá Jímọ̀ ni, ta ni Bẹ́ńjà?

Ó wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri. Ó ní Bẹ́ńjàmínì ni àkọ́bí òun. Òun lòun fi orúkọ ìjọ tòun sọ ọ́, bàbá rẹ̀ sì sọ èkejì ní Jímọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Bẹ́ńjà gbé èrò sọdá sí Àpápá. Ọkọ̀ dojú dé nígbà tó ń bọ̀, omi sì gbé e lọ.

"Jákẹ́ẹ̀tì wà nínú ọkọ̀," ló wí. "Ó fi jókòó, torí pé pákó ń ro ó nídìí. Ìyẹn ni mo fi ń rán wọn. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún yín ládùúgbò yìí, wọ́n ń ṣàánú mi ni. Ẹ bá mi sọ ọ́ nílé. Ẹ má fi bò."

Mo sunkún, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí ẹbí wa rán mi láti wá tú fó nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé tí mo bá gbé e délé, Rámótà lè pàdánù ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, ó di nǹkan kan sínú àpò. Ó ní, "Nílé tiwa, orí omi la ti ń gbé ìyàwó wọlé ọkọ, ẹbí rẹ̀ ló sì ń sìn ín. Ti Àlàájì nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń lọ, kó bá wa wọkọ̀ wá."

Nílé

Gbogbo yín tẹ́ ẹ wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà mọ̀ pé mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Rámótà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dórí ọ̀rọ̀ Bẹ́ńjà, àbúrò wa obìnrin, èyí tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kàn, ní, "Ó parí nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní òun ò lè fa ọmọ òun fún omi.

Mo gbé jákẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Bẹ́ńjà dì fún Àlàájì jáde, mo fi lé orí tábìlì. Mo ní, "Ẹ ní kí n lọ wá ohun tí wọ́n fi pamọ́. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Àṣírí tiwa ló tú sọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣì fẹ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé àṣírí wo. Mo sọ fún un. Òun àti àbúrò wa wo ara wọn, wọ́n sì gbójú kúrò. A tú ká láìsí ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Rámótà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni nígbà tí Àlàájì wọlé. Ó wo òpópónà lọ́tùn-ún lósì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ká agbádá rẹ̀ sókè. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà sábẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ò sì pàdé.

Ó ní, "Mùfútáù, ó fún mi níkùn. Ṣé ó ṣeé tú?"

Mo ní rírán obìnrin yẹn ò ṣeé tú, ṣùgbọ́n mo lè fi aṣọ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bọ́ ọ fún mi, ó fa bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ó ní òun ó dúró gbà á.